Nígbà tí ìyàn wọ ìlú oníyán: Ohun tí ojú wa rí ní Ìrè-Èkìtì

Bí èèyàn bá kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí sílẹ̀ láìfi àmì sí wọn lórí, bákan náà ni wọ́n máa rí. Iyán tí wọ́n ń fi ọbẹ̀ ẹ̀gúsí jẹ, ìyàn tó máa ń mú nígbà tí oúnjẹ bá wọ́n, àti iyàn tí àwọn èèyàn máa ń jà títí tí yóò fi di ariwo. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè lọ́wọ́ ọmọ Èkìtì, yóò sọ fún yín pé ilé kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń gbé. Bí iyán bá ti jáde nílé, ìyàn ló máa wọlé, bí ìyàn bá sì ti jókòó tán, kò ní í pẹ́ tí iyàn yóò fi kan ìlẹ̀kùn. Àwọn tí wọ́n wà lápá àríwá Èkìtì lọ́dún 2023 àti 2024 mọ̀ pé òótọ́ pọ́ńbélé ni.

Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé Èkìtì ló ni iyán. Àwa tá a wà nílùú ńlá la máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí ọmọ Èkìtì bá jẹ ìrẹsì abọ́ mẹ́ta, bí kò bá tíì rí òkèlè, yóò ní òun ò tíì jẹun. Àwọn gan-an kì í bínú sí i. Uyán ni wọ́n ń pè é lédè tiwọn, uṣu ni wọ́n sì ń pe iṣu. Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́ tipẹ́ pé iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ ẹ̀kọ, kẹ́nu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú. Ẹ wá wò ó bí ilé tó jẹ́ pé iyán ni wọ́n fi ń kí àlejò bá wá di ilé tí wọ́n ti ń fi gúgúrú tan ọmọ sùn. Ohun tó gbé mi dé Ìrè-Èkìtì nìyẹn. Mo fẹ́ mọ ohun tí ebi máa ń ṣe fún ìlú, yàtọ̀ sí inú tó máa ń pa mọ́ ẹ̀yìn.

Ọ̀nà ibẹ̀ kò le. Láti Adó-Èkìtì, ẹ óò gba Ìwòrókò kọjá sí Ìfàkì, níbi tí ọ̀nà ti pínyà. Apá kan ń lọ sí Ìdó, níbi tí ọsibítù ńlá ìjọba àpapọ̀ wà, apá kejì ń lọ sí Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé. Ọ̀yẹ́ ni fásitì tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ lọ́dún 2011 wà, Ìkọ̀lé ni wọ́n sì gbé ẹ̀ka ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ rẹ̀ sí. Bí ẹ bá dé Ìlúpéjú, ẹ óò yà kúrò ní títì ńlá, ẹ óò sì gba àárín oko dé Ìrè. Ọ̀nà yẹn kan náà ló ń lọ já sí Ìgbẹ́mọ, ìlú tí òkìkí ìrẹsì rẹ̀ kàn káàkiri.

Lójú ọ̀nà yẹn, ebè iṣu ló kún ọ̀tún, ẹ̀gẹ́ ló kún òsì, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kòkó wà láàárín wọn. Ewé tutù yọ̀yọ̀. Ẹni tó bá yọjú lójú fèrèsé mọ́tò kò ní í gbà pé ebi lè mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ọkùnrin kan tá a jọ jókòó nínú mọ́tò ló rẹ́rìn-ín nígbà tí mo sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, oko ni ẹ rí, ẹ ò tíì rí àpò àgbẹ̀.” Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé lọ́wọ́ dé Ìrè, òun náà ló sì túmọ̀ gbogbo ohun tí mo rí níbẹ̀.

Ìrè wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yẹ́, Onírè sì ni wọ́n ń pe ọba wọn. Ìlú náà kì í ṣe ìlú tí kò lórúkọ. Kò sí oníṣègùn, kò sí ọdẹ, kò sí alágbẹ̀dẹ tàbí awakọ̀ tó mọ Ògún tí kò mọ Ìrè, nítorí níbẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ pé Ògún wọlẹ̀ sí. Lóṣù kẹjọ ọdún ni wọ́n máa ń ṣe ọdún rẹ̀, àwọn ọmọ ìlú sì máa ń wá sílé láti gbogbo ibi.

Ìtàn tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ kò ṣàjèjì sí ọ̀pọ̀ nínú yín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká tún un gbọ́, torí ó kan ọ̀rọ̀ wa. Wọ́n ní ojú ogun ni Ògún ti ń bọ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́, ebi àti òùngbẹ sì ti gbẹ ẹ́ lọ́fun. Ẹmu ló yà mu ní Ìrè. Ìgbà tó dé ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn, ó bá akèrègbè ẹmu nílẹ̀ rẹpẹtẹ, ṣùgbọ́n kò sí nǹkan kan nínú wọn. Ó kí wọn, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Kò mọ̀ pé ọjọ́ àjọ kan ni wọ́n bọ́ sí, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lanu sọ̀rọ̀. Ó rò pé wọ́n mu ẹmu tán, wọ́n wá ń fi òun ṣẹ̀sín. Ló bá yọ idà. Ìgbà tí ojú rẹ̀ fi máa wálẹ̀, tí wọ́n sì ṣàlàyé fún un, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Àbámọ̀ ló mú un wọlẹ̀.

Àwọn kan ń sọ ìtàn yìí lọ́nà tó yàtọ̀ díẹ̀, àmọ́ ibi kan wà tí gbogbo wọn ti pàdé. Akèrègbè tó ṣófo nìkan kọ́ ló fa ẹ̀jẹ̀ ní Ìrè. Ìdákẹ́jẹ́ wà ńbẹ̀. Ká ní ẹnì kan lè la ẹnu sọ pé, “Baba, ẹ má bínú, ẹmu ti tán, ohun tó sì fà á nìyí,” bóyá wọn ì bá jọ jókòó ni. Bàbá àgbàlagbà kan tó ń sinmi lábẹ́ igi lẹ́bàá ọjà sọ fún mi pé ohun tó mú òun fẹ́ràn ìtàn náà nìyẹn, torí òun ti rí i tó ṣẹlẹ̀ lójú òun lẹ́ẹ̀mejì. Ebi á mú, àwọn tó mọ ohun tó gbé oúnjẹ lọ á dákẹ́, ẹni tí ò mọwọ́ mẹsẹ̀ á wá jìyà rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sí ti ayé ìsinsìnyí. Lọ́jọ́ 29, oṣù karùn-ún, ọdún 2023, ni Ààrẹ Bọ́lá Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti lọ. Epo tí wọ́n ń rà ní nǹkan bíi igba náírà fún lítà kan kọjá 500 náírà láàárín ọjọ́ díẹ̀. Nígbà tó fi di oṣù kẹwàá ọdún 2024, ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún kan náírà. Náírà náà já wálẹ̀ lójú dọ́là. Àpò ìrẹsì tó jẹ́ nǹkan bíi ẹgbẹ̀rún 35 náírà nígbà tí ọdún 2023 bẹ̀rẹ̀ ti kọjá ẹgbẹ̀rún 70 nígbà tó di oṣù kejì ọdún 2024. Àjọ tó ń ka iye owó ọjà fún ìjọba àpapọ̀ sọ pé lóṣù kẹfà ọdún 2024, owó oúnjẹ fi ìdá 40.87 nínú ọgọ́rùn-ún ga ju bó ṣe wà lóṣù kan náà lọ́dún tó ṣáájú lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbowó oṣù mọ bí ìyẹn ṣe rí lára.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó jẹ́ kàyéfì. Ẹ̀yin ará ìlú ńlá ń rò pé bí iṣu bá wọ́n, àgbẹ̀ ló ń jẹ èrè. Ìyá kan tó ń ta gàrí ní Ìrè ló là mí lọ́yẹ̀. Ó ní tí iṣu bá jáde, owó iléèwé ọmọ ti wà nílẹ̀, gbèsè ajílẹ̀ ti wà nílẹ̀, òkú àna wà nílẹ̀. Gbogbo àgbẹ̀ ló máa gbé iṣu síta lẹ́ẹ̀kan náà, iṣu á sì pọ̀ yamùrá. Oníṣòwò tó ní mọ́tò ló máa dárúkọ iye tó fẹ́, torí òun nìkan ló mọ iye tí epo mọ́tò jẹ́, òun nìkan ló sì lè gbé e dé Adó, Ìbàdàn tàbí Èkó. Nígbà tó bá di oṣù kẹrin sí ìkẹfà, tí iṣu tuntun kò tíì jáde, tí abà ti ṣófo, àgbẹ̀ náà á wá gbé kóńgò lọ sọ́jà láti ra gàrí ní ìlọ́po iye tó fi ta tiẹ̀. Ó ní, “Àwa tá à ń gbin ín, àwa la tún ń rà á. Ẹ̀ẹ̀mejì la ń sanwó ẹ̀.”

Bó ti rí nìyẹn o. Ọ̀jọ̀gbọ́n Amartya Sen, ọmọ India tó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1998, ti kọ ọ́ sínú ìwé lọ́dún 1981 pé ọ̀pọ̀ ìgbà tí ebi bá pa ìlú, kì í ṣe pé oúnjẹ kò sí, àwọn kan ni agbára wọn kò ká a. Onígàrí Ìrè kò ka ìwé yẹn, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀rù ni ohun kejì tó gbé oúnjẹ lọ. Ká ní ilẹ̀ dára, ká ní òjò rọ̀, ẹni tí ẹ̀rù oko bá ń bà kò lè kọ ebè. Lápá Ìkọ̀lé lọ́hùn-ún, lẹ́bàá ààlà Kogí, ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sunkún. Lóṣù karùn-ún ọdún 2016, wọ́n kọlu àwọn ará Òkè-Àkò, wọ́n pa èèyàn méjì, àwọn ará ìlú sì ní àwọn darandaran ló ṣe é. Èyí ló mú kí gómìnà ìgbà náà, Ayọ̀délé Fáyóṣé, buwọ́ lu òfin lóṣù kẹjọ ọdún yẹn pé wọn ò gbọdọ̀ da màlúù káàkiri lálẹ́ mọ́, àti pé ẹni tó bá ṣe é yóò fi ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà jura. Lọ́dún 2020 ni àwọn Àmọ̀tẹ́kùn tún dé. Síbẹ̀, lọ́jọ́ 29, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2024, àwọn agbébọn dá àwọn ọba mẹ́ta lọ́nà lápá Ìpaò àti Òkè-Àkò kan náà. Wọ́n pa ọba Ìmójò-Èkìtì àti ọba Èsún-Èkìtì, ọba Ara-Èkìtì ló rọ́nà sá lọ. Lọ́jọ́ kan náà ni wọ́n jí àwọn ọmọ iléèwé àti àwọn olùkọ́ wọn gbé ní Ẹ̀múrè-Èkìtì, ó sì tó ọjọ́ díẹ̀ kí àwọn ọmọ náà tó rí ìtúsílẹ̀.

Ẹ rò ó wò. Ìmójò kò jìnnà sí Ìrè, abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yẹ́ kan náà ni wọ́n wà. Bí wọ́n bá lè dá ọba lọ́nà, ta ni àgbẹ̀ tó gbé àdá àti ìgò omi dání? Àwọn tí mo bá sọ̀rọ̀ sọ pé oko etílé nìkan ni àwọn kan ń ro nígbà náà, wọ́n fi oko ẹgàn sílẹ̀ fún igbó. Oko etílé sì ti gbó, kì í ta iṣu gidi mọ́.

Ibí yìí ni iyàn wá wọ ọ̀rọ̀. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ìfura máa ń wọ̀ ọ́ láìkanlẹ̀kùn. Ẹni tó jí iṣu hú lóko alẹ́, ta ni? Wọ́n á wo Ìgbìrà tó ń ṣiṣẹ́ lébìrà lóko, wọ́n á wo Fúlàní tí bàbá rẹ̀ ti ń da màlúù níbẹ̀ kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú wọn, wọ́n á sì wo ọmọ ìyá wọn tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́. Ọlọ́kadà kan sọ fún mi pé nígbà tí nǹkan le jù, bí òun bá gbé ẹni tí kò gbọ́ èdè ìlú, àwọn èèyàn á dá òun dúró, wọ́n á bi òun pé níbo ni òun ti rí i. Ajínigbé wà lóòótọ́, ẹ̀jẹ̀ àwọn ọba méjì yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àhesọ. Ṣùgbọ́n gbogbo àlejò kọ́ ni ajínigbé, bí gbogbo àwọn tí Ògún bá nídìí akèrègbè kò ṣe jẹ̀bi ẹmu.

Láàárín ọmọ ìlú gan-an, ìjà wà. Ilẹ̀ ẹbí ni àkọ́kọ́. Nígbà tí owó bá tán, ẹnì kan nínú ẹbí á lọ ta ilẹ̀ tí bàbá fi sílẹ̀ fún gbogbo wọn, yóò sì fi owó rẹ̀ jẹun. Ìgbà tí àwọn tó wà l’Ékòó bá dé lọ́dún Ògún ni wọ́n tó máa rí ògiri àjèjì lórí ilẹ̀ wọn. Ẹni tó tà á á ní, “Ìgbà tí ebi ń pa mí, ta ló fi owó ránṣẹ́?” Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ máa fi dá a lóhùn?

Ìkejì ni pálíétíìfù. Lóṣù kẹjọ ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ kéde bílíọ̀nù márùn-ún náírà fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan láti fi ra oúnjẹ fún aráàlú, pẹ̀lú ìrẹsì ọkọ̀ akẹ́rù márùn-ún. Ohun tí mo gbọ́ láti ẹnu oríṣiríṣi èèyàn ní abúlé àti ìlú lápá ibẹ̀ kò yàtọ̀ síra. Wọn ò jà torí pé ìrẹsì kéré, wọ́n ní àwọn mọ̀ pé kò lè kárí. Ohun tó bí wọn nínú ni pé wọn ò mọ ẹni tó kọ orúkọ, wọn ò mọ ẹni tí orúkọ rẹ̀ jáde, wọn ò sì mọ iye tó wọ ìlú. Ìyá arúgbó kan ní, “Bí wọ́n bá ní síbí kan ló kàn mí, mo máa dúpẹ́. Wọn ò sọ nǹkan kan fún wa.” Àwọn akèrègbè òfìfo àti ẹnu tó dákẹ́ nìyẹn, wọ́n tún ti pàdé.

Bàbá abẹ́ igi tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ní kí n má rò pé ìjọba òde òní ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ó rán mi létí ayé ajẹ́lẹ̀. Láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, nígbà tí apá Ìbàdàn ká ilẹ̀ Èkìtì, wọ́n máa ń fi ajẹ́lẹ̀ sí ìlú kọ̀ọ̀kan láti máa ṣọ́ ọ. Ìlú ló ń bọ́ ajẹ́lẹ̀, ìlú ló ń bọ́ àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Iṣu tó dára jù, ewúrẹ́ tó sanra jù, tiwọn ni. Àwọn Tápà àti Ìlọrin náà ń ti apá òkè jà wọ́n lólè, wọ́n ń kó èèyàn lẹ́rú. Ẹni tó bá gbin iṣu lóṣù kejì kò mọ̀ bóyá òun ló máa wà á. Lọ́dún 1878, ìkókó fọ́. Fábùnmi, ọmọ Òkè-Ìmẹ̀sí, pa ajẹ́lẹ̀ tó wà nílùú wọn. Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà gbárajọ, wọ́n pe ara wọn ní Èkìtì Parapọ̀, Ògèdèǹgbé sì di olórí ogun wọn. Ogun Kírìjì nìyẹn. Ọjọ́ 23, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1886 ni wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà, ọdún 1893 ni àwọn ọmọ ogun tó túká pátápátá. Ogun ọdún mẹ́rìndínlógún, ohun tó wà nídìí rẹ̀ ni pé àwọn kan ń jẹ ohun tí wọn ò gbìn, ẹni tó gbìn ín kò sì lẹ́nu láti bi wọ́n.

Kó má dà bíi pé Èkìtì tàbí Nàìjíríà nìkan ni irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, ẹ jẹ́ ká yọjú sí òkè òkun díẹ̀. Ọ̀dùnkún òyìnbó tí wọ́n ń kó wá láti Jos, tí àwọn ìyá ọlọ́jà ní Mile 12 ń pè ní “Irish” lásán, orúkọ ilẹ̀ kan ló ń jẹ́. Ireland ni ilẹ̀ náà. Lọ́dún 1845, àwọn èèyàn ibẹ̀ lé ní mílíọ̀nù mẹ́jọ, ọ̀dùnkún yìí sì ni àwọn tálákà wọn ń jẹ láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́, bí ará Èkìtì ṣe ń jẹ iyán. Àrùn kan wọ inú oko, ọ̀dùnkún bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà mọ́ inú ilẹ̀. Kí ọdún 1852 tó parí, nǹkan bíi mílíọ̀nù kan èèyàn ti kú, ó lé ní mílíọ̀nù kan tó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Amẹ́ríkà, Kánádà, Gẹ̀ẹ́sì àti ibòmíràn.

Ṣùgbọ́n ṣé kò sóúnjẹ mìíràn nílẹ̀ náà ni? Ó wà. Ọkà wà, màlúù wà, bọ́tà wà. Wọ́n ń kó wọn sínú ọkọ̀ lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti tà, sójà sì ń sin àwọn ẹrù kan dé èbúté kí ebi má baà jẹ́ káwọn aráàlú já wọn gbà. Lọ́dún 1847, ìjọba dá ilé ọbẹ̀ sílẹ̀, ó sì bọ́ tó mílíọ̀nù mẹ́ta èèyàn lóòjọ́ nígbà tó pọ̀ jù, kí wọ́n tó pa á tì lọ́dún kan náà. Wọ́n wá ṣòfin pé ẹni tó bá ń dáko lórí ilẹ̀ tó ju ìdá kan nínú mẹ́rin éékà lọ kò ní í rí ìrànwọ́ gbà àfi tó bá kọ́kọ́ yọ̀ǹda ilẹ̀ náà. Ẹ gbọ́ bí ìkà ṣe pọ̀ tó: kó o tó jẹun lónìí, wàá kọ́kọ́ ta ohun tí wàá jẹ lọ́la.

Ìlú kékeré kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Strokestown, kò tóbi ju Ìrè lọ. Onílẹ̀ ibẹ̀, Denis Mahon, lé àwọn àgbẹ̀ tí kò rí owó ilẹ̀ san, ó sì kó èyí tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan nínú wọn sọ́kọ̀ lọ sí Kánádà. Ọ̀pọ̀ wọn kú lójú omi tàbí bí wọ́n ṣe gúnlẹ̀. Ìròyìn ikú wọn ń wọlé, inú ń bí àwọn tó kù. Lóṣù kọkànlá ọdún 1847, wọ́n yìnbọn pa Mahon lójú ọ̀nà. Wọ́n so àwọn kan kọ́ fún un, ìjà náà ò sì dá oúnjẹ kankan padà. Lónìí, inú ilé onílẹ̀ yẹn ni wọ́n kó ìtàn ìyàn náà jọ sí, kí ọmọ má baà gbàgbé.

Lọ́dọ̀ tiwa náà, a ò tíì gbàgbé, torí kò tíì pẹ́. Lóṣù kẹwàá ọdún 2020, nígbà tí àwọn èèyàn gbọ́ pé oúnjẹ ìrànwọ́ kòrónà wà nínú ilé ìkẹ́rùsí ní Mazamaza l’Ékòó àti ní Ẹdẹ l’Ọ́ṣun, wọ́n já ìlẹ̀kùn wọlé, wọ́n kó o. Lọ́jọ́ 18, oṣù kejìlá, ọdún 2024, àwọn ọmọdé àtàwọn òbí wọn rọ́ lọ sí iléèwé Islamic High School ní Baṣọ̀run, n’Íbàdàn, nítorí wọ́n gbọ́ pé wọ́n fẹ́ pín oúnjẹ àti owó níbi ayẹyẹ kan. Ọmọ 35 ló kú sínú ìtẹ̀mọ́lẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta sí i, èèyàn mẹ́wàá kú lọ́nà kan náà ní ṣọ́ọ̀ṣì kan l’Ábújá. Ọmọ ẹni kì í lọ gba oúnjẹ kó di òkú. Ó ṣẹlẹ̀.

Ó wá kù kí ẹ bi mí pé, báwo wá ni Ìrè kò ṣe tú ká? Mo bi àwọn náà bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n sọ kò le. Àwọn kan padà sí àáró, wọ́n ń ro oko lọ́gbààrà, èèyàn mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, oko ẹnì kan lónìí, oko ẹlòmíì lọ́la, kí ẹnikẹ́ni má baà dá nìkan wà nínú ẹgàn. Àwọn obìnrin tó ń dá èésú fi orúkọ ẹni tí nǹkan le fún jù síwájú. Onígàrí yẹn sọ pé òun ń ta àwìn, ṣùgbọ́n òun máa ń kọ ọ́ sára ògiri lójú ẹni tó rà á, kí ìjà má baà wà. Bàbá náà sì ní nínú agboolé tòun, àwọn pe ìpàdé lórí ilẹ̀ ẹbí kí ẹnikẹ́ni tó tà á, wọ́n pe àwọn tó wà l’Ékòó sórí fóònù, wọ́n sọ̀rọ̀ dalẹ́. Wọ́n bú ara wọn dáadáa, ó ní òun náà gba èébú tòun. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ náà wà níbẹ̀ dòní.

Mo bi í bóyá ìyẹn tó láti lé ìyàn lọ. Ó ní kò tó, pé ọ̀nà ni wọ́n nílò, àbò ni wọ́n nílò, abà ńlá tí iṣu kò ní í jẹrà sí ni wọ́n nílò, kí àgbẹ̀ lè dúró de ìgbà tí ọjà bá dára. Ìjọba ló lè ṣe ìyẹn, kò sì sí bí àáró ṣe lè ṣe é fún wọn. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí àgbẹ̀ Èkìtì máa fi sùúrù jẹun, kó kọ́kọ́ lọ sùn lóko ẹgàn lápá Ìpaò ní òru ọjọ́ kan.

Ṣùgbọ́n títí tí ìyẹn yóò fi dé, ẹ̀yin gómìnà, ẹ̀yin alága ìjọba ìbílẹ̀, ẹ̀yin ọba, ẹ̀yin olórí ẹbí, títí kan ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń rán owó sílé látìlú ńlá, ẹnu ò wọ́n bí iṣu. Bí ẹmu bá ti tán, ẹ sọ fún aráàlú pé ó ti tán. Bí ó bá ku síbí kan, ẹ ka orúkọ ẹni tó máa gbà á sójútáyé. Aráàlú lè fara da ebi fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ti ṣe é rí. Wọn kì í fara da pé kí akèrègbè ṣófo, kí gbogbo ẹni tó yí i ká sì máa wo òkè.